Àrokò Onígun Mẹ́rin: Bí A Ṣe Lè Ya Àmì QR Nínú Kọ̀ǹpútà Tiwa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù, ní Ìbàfò)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa wá sí ilé mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àmì dúdú òun funfun tí à ń pè ní QR, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá mi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹgbẹ́ àṣà ni ẹgbẹ́ wa, kí ni ó kan oríkì àti kọ̀ǹpútà?" Ó dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti gbàgbé ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ ní èṣí ni?" Mo dákẹ́. N kò gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ojú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa re ibi tí àgbà ń rè, a tẹ ìwé ètò irinwó (400). Oríkì ìdílé rẹ̀ gùn, owó ọwọ́ wa kò sì ká a láti tẹ gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fi oríkì náà sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a sì tẹ àmì QR kan sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹni tí ó bá na fóònù sí i lè rí oríkì náà kà. Èmi ni mo gbé iṣẹ́ náà lé ọmọkùnrin kan lọ́wọ́. Ọmọ náà rí ilé-iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní òun ń ya àmì ní ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ó ṣiṣẹ́, gbogbo ènìyàn sì yìn wá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù na fóònù sí i, kò rí oríkì bàbá rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó rí ni ìkéde pé àkókò ọ̀fẹ́ ti parí, kí a máa san owó dọ́là lóṣooṣù. Ìwé irinwó sì ti wà ní ilé àwọn ènìyàn. Ta ni yóò lọ kó wọn padà? Tèmi ni ìtìjú náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n tí orí mi gbà.

Ohun tí mo rí ni pé kò sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí á lọ yá àmì yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi sí inú àmì QR wà nínú àmì náà gan-an, bí ọ̀rọ̀ ti ń wà nínú lẹ́tà. Ẹni tí ó bá yà á nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ni ó ni í, kò sì ní ọjọ́ ìparí.

Àwọn bàbá wa mọ irú nǹkan báyìí. Bí a bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹ̀fà ni, ó túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ wa jọ, a fi ohùn ṣọ̀kan. Ẹni tí kò mọ àṣírí rẹ̀, owó lásán ni yóò rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà kì í tún padà lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ta okùn ohun tí àrokò náà wí.

Ní Jàpáànù ni àmì QR ti wá. Masahiro Hara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Denso, tí ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún Toyota, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1994. Ṣáájú ìgbà náà, àmì onílà gbọọrọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí. Kò gbà ju nǹkan bí ogún lẹ́tà lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní láti na ẹ̀rọ sí púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí àpótí kan ṣoṣo títí ọwọ́ yóò fi máa ro wọ́n. Hara sọ pé ìgbà tí òun ń ta Go ni èrò náà wá sí òun lọ́kàn. Go ni eré tí àwọn ará Jàpáànù ń fi ọmọ dúdú àti ọmọ funfun ta lórí pákó onílà, bí a ti ń ta ayò. Ojú ńlá mẹ́ta tí ẹ ń rí ní igun àmì náà ni ó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí àmì wà àti ibi tí ó kọjú sí. Bí a bá fa ìlà gba àárín ojú náà kọjá, a ó rí dúdú ìwọ̀n kan, funfun kan, dúdú mẹ́ta, funfun kan, dúdú kan. Wọn kò kàn fi orí sọ ìwọ̀n yìí o. Wọ́n yẹ ìwé ìròyìn, ìwé ìkéde àti páálí ọjà wò láti wá èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú ohun tí a ń tẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà fi nǹkan mìíràn pè é.

Ilé-iṣẹ́ náà gba ìwé-àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kéde pé àwọn kò ní fi dí ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà lọ́wọ́. Ní ọdún 2000 ni àjọ ISO sọ ìlànà náà di ti gbogbo ayé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí: àwọn tí ó ni ín kò béèrè kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ń béèrè dọ́là lọ́wọ́ wa, alágbàtà ni.

Ní orílẹ̀-èdè wa, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà sísan owó pẹ̀lú àmì QR jáde, àjọ NIBSS sì gbé èyí tí wọ́n ń pè ní NQR kalẹ̀ ní ọdún kan náà. Ó wà lórí ìwé NIN tí a ń gbà lónìí. Ìlú wa yìí sì ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gbà kọjá. Ohun yòówù tí ó bá dé Èkó lówùúrọ̀ yóò dé Ìbàfò kí oòrùn tó wọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí á máa wò ó bí ìran.

Ẹ jẹ́ kí á wo inú rẹ̀. Àmì tí ó kéré jù lọ ní ojú 21 ní ìbú àti 21 ní òró, èyí tí ó jẹ́ ojú 441. Èyí tí ó tẹ̀lé e fi ojú mẹ́rin jù ú lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 177. Irú ogójì ni gbogbo rẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan, ó dúdú tàbí ó funfun, kò sí ẹ̀kẹta. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni a ń kó wọn jọ, ìdì mẹ́jọ kan ni à ń pè ní báìtì, báìtì kan sì lè gba ọ̀nà 256 yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọpọ́n Ifá ti ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni: babaláwo tẹ ẹyọ kan tàbí méjì sínú ìyẹ̀rosùn, ní ìlà méjì onímẹ́rin-mẹ́rin, ibi mẹ́jọ ni àpapọ̀ rẹ̀, Odù sì jẹ́ 256. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń pariwo pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà. Wọn kò ṣe é, irọ́ kò sì buyì kún òkú. Ohun tí mo lè sọ láìṣẹ̀ ni pé ìṣirò kan náà ni, àti pé ọmọ tí ó bá ti jókòó ti bàbá rẹ̀ nídìí ọpọ́n kò ní rí báìtì bí àjèjì.

Apá kan nínú àwọn ojú náà ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa. Òmíràn wà fún àtúnṣe, àtúnṣe náà ni ó sì yà mí lẹ́nu jù. Ọgbọ́n ìṣirò tí Irving Reed àti Gustave Solomon gbé jáde ní ọdún 1960 ni wọ́n lò. Ó mú kí àmì náà lè ya tàbí kí ó ní epo lára, kí fóònù sì tún kà á pé pérépéré. Ìpele mẹ́rin ni ó ní: L ń wo nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá bàjẹ́ sàn, M ń wo 15, Q ń wo 25, H ń wo 30. Bí ìwòsàn bá ti pọ̀ tó ni àyè ọ̀rọ̀ ń dín kù tó. Èyí tí a ó lẹ̀ mọ́ ara ilé ìtajà ní ẹ̀bá títì, níbi tí eruku àti òjò wà, Q ni mo fẹ́ fún un. Èyí tí ó wà nínú ìwé, M tó o.

Mo dé orí yíyà rẹ̀ wàyí. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń ya àmì yìí, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe, ó sì dára kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń kọ́kọ́ ṣírò: ó sọ ọ̀rọ̀ di báìtì, ó fi àtúnṣe kún un, ó wá dán aṣọ ìbòjú mẹ́jọ wò lórí rẹ̀ kí dúdú má baà kóra jọ sójú kan, ó sì mú èyí tí ó dára jù. Ohun tí ó jáde kò tíì jẹ́ àwòrán rárá, tábìlì òdo àti oókan ni. Lẹ́yìn èyí ni kíkùn: ó ń tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún, níbi tí oókan bá wà, ó kun onígun mẹ́rin dúdú kan, níbi tí òdo bá wà, ó fò ó. Ọmọ tí ó ti kọ́ ètò kíkọ̀ fún oṣù mẹ́ta lè kọ apá kejì yìí. Apá kìíní le, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rere ti kọ ọ́ fún wa. Libqrencode, tí Kentaro Fukuchi ará Jàpáànù kọ, wà fún ẹnikẹ́ni láti lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kọ ohunkóhun kò ní ìṣòro. Láti ọdún 2020, LibreOffice tí a fi ń kọ lẹ́tà Ẹgbẹ́ ti ní i nínú: ẹ lọ sí Insert, kí ẹ tẹ OLE Object, ẹ ó rí QR and Barcode níbẹ̀. Inkscape tí àwọn ayàwòrán ń lò ní i pẹ̀lú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń béèrè orúkọ yín tàbí ọjọ́ ìbí yín, wọn kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti rí iná tàbí jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kíkùn yìí ní àṣìṣe tirẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti ń bàjẹ́ jù. Bí ètò bá kun ojú kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí kò pé, kí á wí pé píksẹ́lì mẹ́ta àti ààbọ̀, ìlà funfun tín-ín-rín yóò máa yọ láàárín dúdú àti dúdú bí ẹ̀jẹ́ ara ògiri tí ó fẹ́ wó. Kí ìwọ̀n ojú kọ̀ọ̀kan pé, tàbí kí á fi àwòrán náà pamọ́ bí SVG. SVG kì í ṣe àkójọ tóótòtó, bí a ti ń fa ìlà ni ó kọ sílẹ̀, nítorí náà bí a bá sọ ọ́ di ńlá tó pátákó ẹnu ọ̀nà, etí rẹ̀ yóò mú síbẹ̀. Ẹ má fi JPEG ṣe é. Ó ń da àbàwọ́n sí etí dúdú. Ẹ sì fi àyè funfun tó ojú mẹ́rin yí i ká. Mo ti rí atẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí ó gé àyè náà kúrò, ó ní òun fẹ́ kí ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́. Fóònù kankan kò sì kà á. Dúdú lórí funfun ni ó yẹ, kì í ṣe góòlù lórí àwọ̀ ewé nítorí pé aṣọ ẹbí wa jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí ènìyàn yóò bá dúró jìnnà ní mítà kan kà á, kí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣe òdiwọ̀n. Kí á tó gbé e fún atẹ̀wé, kí fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kà á, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ògbólógbòó.

Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo ń bọ̀ yìí gan-an ni ó kan Ẹgbẹ́ wa. Ìlànà àmì QR fi ọ̀nà tí ó dínwó sílẹ̀ fún nọ́ńbà, ó fi òmíràn sílẹ̀ fún lẹ́tà ńlá A títí dé Z. Àwọn ará Jàpáànù kò sì gbàgbé ara wọn: wọ́n fi ọ̀nà kan pamọ́ fún lẹ́tà kanji tiwọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń gba ẹyọ 13 dípò 16. Tiwa kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà Yorùbá gba ọ̀nà báìtì lásán, lábẹ́ ètò tí à ń pè ní UTF-8. Níbẹ̀, o gba báìtì kan, ó olóhùn òkè gba méjì, ọ onídòó nísàlẹ̀ gba mẹ́ta, bí a bá sì tún fi ohùn lé ọ lórí, ó di márùn-ún. "Oyo" jẹ́ báìtì 3; "Ọ̀yọ́" jẹ́ 11. "Ibafo" jẹ́ 5. "Ìbàfò" jẹ́ 8.

Nítorí èyí ni àwọn ọmọ wa ṣe ń bọ́ àmì ohùn kúrò, wọ́n ní kí àmì má baà tóbi. Èmi kò gbà. Ọ̀yọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹwù rẹ̀ wọ inú àmì olójú 21 tí ó kéré jù lọ, ní ìpele M, àyè sì kù. Àmì olójú 57, ní ìpele M kan náà, gba báìtì 213, èyí tí ó tó ìlà mẹ́ta sí mẹ́rin nínú oríkì tí a kọ dáadáa. Kí ni a ń du ara wa sí? Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé "a o pin igba", ṣé igba ènìyàn ni yóò gba ẹ̀bùn, tàbí igbá ni a ó pín, tàbí ìgbà ni a ó pín sí méjì? Àrokò tí a kò lè tú, ìdọ̀tí ni.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí á ṣọ́. Àwọn fóònù kan máa ń ṣi lẹ́tà wa kà, wọn a sì gbé wúruwùru jáde, nítorí pé àmì náà kò sọ fún wọn pé UTF-8 ni. Ìlànà ní ohun tí a fi ń sọ ọ́, ECI ni orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà UTF-8 nínú rẹ̀ sì ni 26. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa wo ètò tí wọ́n ń lò bóyá ó ń fi í sí i.

Àlàyé ohun tí ó ṣe wá ní èṣí kò gùn mọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ya àmì wa kò fi àdírẹ́sì oríkì wa sí inú rẹ̀. Àdírẹ́sì ẹnu ọ̀nà tiwọn ni wọ́n fi sí i. Ẹni tí ó bá na fóònù, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ dé, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó tọ́ka ibi tí a wà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ó parí. Wọ́n lè sọ pé àǹfààní ni, nítorí pé a lè yí ibi tí àmì ń tọ́ka sí padà láìtún un tẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ lè ní orúkọ tirẹ̀ tí ó parí sí .org.ng, lábẹ́ àjọ NiRA tí ń bójú tó orúkọ orílẹ̀-èdè wa, kí ó sì yí ohun tí ó wà nínú ilé ara rẹ̀ padà bí ó ti wù ú. A ó máa san owó orúkọ náà lọ́dọọdún, n kò ní tan yín. Bí akápò bá gbàgbé, òun náà yóò kú. Nítorí náà, ohun tí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ ju àwa fúnra wa lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí á fi sí inú àmì, kì í ṣe àdírẹ́sì.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yín kéré ṣùgbọ́n ó ṣe kókó. Ojú ènìyàn kò lè ka àmì QR, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá ìlú Austin ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn kan ti lẹ àmì èké mọ́ ibi tí a ń san owó ìdúró ọkọ̀, àjọ FBI sì kìlọ̀ fún gbogbo ìlú ní oṣù kan náà. Kí ẹ fi ọwọ́ pa àmì ẹnu ìsọ̀ yín láràárọ̀, bóyá ẹnìkan ti lẹ tirẹ̀ lé e lóru. Kí oníbàárà sì ka orúkọ tí ó yọ lójú fóònù kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Ìmọ̀ràn tí mo gbé wá kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá sí yàrá yìí ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. A ó ya àmì méjì: ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú oríkì àgbà wa yóò wà nínú ọ̀kan, àdírẹ́sì tí yóò jẹ́ ti Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yóò wà nínú èkejì fún ìyókù. A ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé alẹ̀mọ́, àwọn ọmọ yóò sì gbé e kiri láti ilé dé ilé, kí wọ́n fi bo èyí tí ó kú lẹ́yìn ìwé irinwó. Ti Lọ́ńdọ̀nù, a ó fi í ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a nílò ẹ̀yin àgbà ìdílé náà kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tí ọmọ náà tẹ̀ ní èṣí kò ní àmì ohùn kan ṣoṣo lórí. Mo kà á lánàá, ibi mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n ń kì tàbí ọkọ. Kí ẹni méjì tí ó mọ̀ ọ́n kì wá kì í sí wa létí, kí á fi ohùn sí i bí ó ti ń jáde lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tètè dé, nítorí iná kì í dúró dè wá kọjá ọ̀sán.